Ta Ni A Ń Fi Ẹ̀jẹ̀ Wa Wé? Àgbéyẹ̀wò Lórí Gbèdéke Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Nọ́ńbà mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èkíní ni iye tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni. Méjì yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan kéré, ọ̀kan tóbi, àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n sì retí pé kí èkíní bọ́ sí. Tó bá ga jù, ẹ̀rọ á fi lẹ́tà H sí i. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, á fi L sí i. Ọkàn aláìsàn kì í balẹ̀ tó bá ti rí lẹ́tà yìí, dókítà náà kì í sì í lè gbójú fò ó. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà méjì yẹn sílẹ̀? Ìlú wo ni onítọ̀hún ń gbé, kí ló ń jẹ, ibà mélòó ló ti ṣe é rí? Ní ọ̀pọ̀ láàbù ní Nàìjíríà, inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wọlé ni wọ́n ti mú nọ́ńbà méjì náà, tàbí inú ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tẹ̀ nílùú òyìnbó.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ò tíì fẹnu kò lórí ibi tó yẹ kí nọ́ńbà náà ti wá. Èrò wọn pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti lágbára àti ibi tó ti mẹ́hẹ. Mo máa tò wọ́n síwájú òǹkàwé níkọ̀ọ̀kan. Èrò tèmi, tí mi ò ní fi pamọ́, ni pé ìdáhùn kan ṣoṣo ò lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìlà tó wà lórí ìwé èsì kan.

Kí ni gbèdéke yìí gan-an?

Lọ́dún 1969, Ralph Gräsbeck àti Nils-Erik Saris, onímọ̀ méjì láti Finland, dábàá pé kí àwọn oníṣẹ́ láàbù yé pe nọ́ńbà kan ní ti ẹni tí ara rẹ̀ pé. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa sọ, lójú tiwọn, ni pé: irú àwọn èèyàn báyìí la wọ̀n, ohun tá a sì bá lára wọn nìyí. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é látìgbà náà ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. A ó ṣa àwọn tí ara wọn le, a ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, a ó to èsì wọn látorí èyí tó kéré jù dórí èyí tó tóbi jù, a ó wá gé ìdá 2.5 nínú 100 kúrò nísàlẹ̀ àti ìdá 2.5 kúrò lókè. Ìdá 95 tó kù láàárín ni gbèdéke.

Gígé yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ara àwọn tí a gé kúrò le bíi ti àwọn tó kù. Ìyẹn ni pé nínú ogún èèyàn tí ara wọn le, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bọ́ síta gbèdéke lórí àyẹ̀wò kan péré. Ká ní a ṣe ogún àyẹ̀wò tí kò bá ara wọn tan fún ẹni kan tí kò ṣàìsàn rárá, ìgbà 64 nínú 100 ni ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn máa ní H tàbí L. Lẹ́tà náà ò sọ pé onítọ̀hún ń ṣàìsàn. Ohun tó ń sọ ni pé kò jọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè nípa àwọn tí wọ́n wọ̀n fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Gba ti ẹ̀rọ, kí o sì dán an wò

Èrò tó rọrùn jù ni pé kí láàbù gba gbèdéke tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kọ sínú ìwé rẹ̀, kó sì fi ogún èèyàn tí ara wọn le ládùúgbò dán an wò. Bí àwọn tó bọ́ síta ò bá ju méjì lọ, ó lè máa lò ó nìṣó. CLSI, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún láàbù ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ọ̀nà yìí. ISO 15189, ìlànà àgbáyé fún láàbù ìṣègùn, ní tiẹ̀, ń béèrè pé kí láàbù lè sọ ìdí tó fi ń lo gbèdéke rẹ̀, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà.

Láàbù kékeré pàápàá lè rí ogún èèyàn. Fún àwọn àyẹ̀wò kan, ọ̀nà yìí sì tó. Ara èèyàn ń ṣọ́ sodium inú ẹ̀jẹ̀ lójú méjèèjì, kì í jẹ́ kó lọ sókè tàbí sílẹ̀ ju díẹ̀ lọ, nítorí náà gbèdéke tí wọ́n ṣe ní Jámánì ò ní jìnnà sí èyí tí a bá ṣe ní Ìbàdàn.

Àmọ́ ogún èèyàn ò tó láti tú àṣìṣe fó. Ká ní gbèdéke kan burú débi pé ìdá 10 nínú 100 àwọn tí ara wọn le nílùú wa ló ń bọ́ síta rẹ̀, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò náà á rí i pé irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ ṣì máa yege nínú ìdánwò ogún èèyàn ní nǹkan bí ìgbà 68 nínú 100. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ò lè yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó sì dùn mí láti sọ ọ́ pé láàbù tí ò tiẹ̀ ṣe ti ogún èèyàn yìí pọ̀.

Kí a wọn àwọn èèyàn tiwa

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Láti 1973 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n E. M. Essien àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ ìwádìí jáde lórí iye platelet, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ohun tó wá tan iná sí ọ̀rọ̀ náà káàkiri Áfíríkà ni ìdánwò abẹ́rẹ́ àjẹsára HIV. Ìlànà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń pinnu ẹni tó lè wọ inú ìdánwò, òun náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oògùn ń ṣe èèyàn ní jàǹbá. Lójú ìlànà yẹn, ẹni tí ara rẹ̀ le koko ní Kampala tàbí Lusaka lè dà bí aláìsàn kó tó gba abẹ́rẹ́ rárá. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe wọn àgbàlagbà 2,105 tí ara wọn le ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Rwanda àti Zambia, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Ní 2012, ìwádìí ti Kintampo ní Gánà jáde, lórí àgbàlagbà 625. Èyí tó wá láti Jos ní 2014 wọn èèyàn 383: ọkùnrin 124, obìnrin tí kò lóyún 125, aboyún 134.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Jos kọjá 120 díẹ̀díẹ̀. Iye tí ìlànà CLSI béèrè fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Iye yìí dà bíi pé ó pọ̀, àfi tí a bá rántí ibi tí gbèdéke ti ń wá. Ìdá 2.5 nínú èèyàn 120 jẹ́ mẹ́ta. Ẹni kẹta láti ìsàlẹ̀ ni ààlà ìsàlẹ̀ gbogbo ìlú máa dúró lé, ẹni kẹta láti òkè ló sì máa gbé ti òkè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń gbé aràn inú kiri láìmọ̀, a ti fi aràn rẹ̀ kọ òfin fún gbogbo wa.

Ta ni ara rẹ̀ le? Àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ló rọrùn jù láti rí, òun ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, kéré, wọn ò ní gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí a bá wá fi àwọn tó kù ṣe ààlà ìsàlẹ̀ fún PCV, a kàn ń ka òfin ilé ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ padà fún ara wa ni. Ibi tí ìlú wà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju òkun lọ, bẹ́ẹ̀ etíkun ni Èkó wà. Afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́, ara àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì máa ń pèsè haemoglobin, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, púpọ̀ sí i. Nọ́ńbà Jos lè jẹ́ ti Nàìjíríà, kó má sì bá Èkó mu.

Ewu kan wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà, èmi sì rí i bí èyí tó burú jù. Tí a bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láìya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìdá 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kan. Tó bá pẹ́ jù, potassium náà á máa jò jáde látinú sẹ́ẹ̀lì pupa. Láàbù tí iná ti lọ, tí ẹ̀rọ tó ń ya ẹ̀jẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ títí ọ̀sán, lè ṣe gbèdéke tó jẹ́ ti ìdádúró, kó sì rò pé ti àwọn ará ìlú ni. Ẹni tó fẹ́ wọn àwọn èèyàn tiwa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé òṣùwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ pé.

Ohun tí neutrophil kọ́ wa

Nínú gbogbo ìlà tó wà lórí ìwé èsì, ibí ni àwọn tó ń béèrè gbèdéke ti ìbílẹ̀ ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ. Neutrophil ni sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ sáré dé tí kòkòrò àrùn bá wọ ara. Ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń fi ààlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí 1,500 tàbí 2,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò ṣàìsàn kankan ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru oúnjẹ, àwọn mìíràn ń di í ru àrùn.

Ìdáhùn wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì kan tí à ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wọn. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé àìní àmì yìí ló ń dènà ibà vivax, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò ibà náà ń gbà wọlé. Ní 2009, ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìyípadà kan náà yìí nínú àjogúnbá ló ń mú kí neutrophil tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kéré. Mùdùnmúdùn egungun wọn, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń wá, ò ní àbùkù, irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í sì í kó àrùn ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tí àwọn baba ńlá wa fi là ni òyìnbó wá kọ sílẹ̀ bí àìtó.

Àṣìṣe yìí ti pa èèyàn lára. Nígbà ìtọ́jú jẹjẹrẹ, iye neutrophil ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fúnni ní oògùn tó kàn. Ẹni tí tirẹ̀ kéré láti inú ìyá rẹ̀ lè máa pàdánù oògùn tó yẹ kó gbà. Clozapine, oògùn fún àìsàn ọpọlọ tí oògùn mìíràn ò ràn, náà ní ààlà tirẹ̀. Ọdún 2015 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó sọ ààlà náà kalẹ̀ fún irú àwọn aláìsàn yìí: wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ oògùn ní 1,000, nígbà tí àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ní 1,500.

Àwọn tó ń ṣọ́ra náà ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́. HIV, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àwọn oògùn kan lè mú neutrophil wálẹ̀ nítòótọ́. Tí a bá sọ ààlà kalẹ̀ tán, tí gbogbo dókítà sì gbà pé bí tiwa ṣe rí nìyẹn, àwọn tí nǹkan ń ṣe ní tòótọ́ lè sá pamọ́ síbẹ̀. Síbẹ̀ mo rò pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ti tó, pé lórí neutrophil kí a yé lo nọ́ńbà àjòjì.

Ohun tó wọ́pọ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ

Tí a bá fi ọgbọ́n neutrophil kan náà lé haemoglobin lọ, inú kòtò la máa bọ́ sí. Ìdí rèé tí àwọn kan fi sọ pé kíkó àwọn èèyàn jọ láti wọ̀n wọ́n ò tó. Níbi tí ibà, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ àti àìtó èròjà irin nínú oúnjẹ ti wọ́pọ̀, PCV tó kéré máa wọ́pọ̀ pẹ̀lú wọn. Tí a bá wá sọ ìyẹn di gbèdéke, ìyá kò ní rí ìtọ́jú gbà mọ́, nítorí ebi ti di òṣùwọ̀n. Àpẹẹrẹ tí wọ́n ń tọ́ka sí ni ìlànà ìdàgbàsókè ọmọdé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006. Nínú orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Gánà wà lára wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú dáadáa, tí wọ́n sì fún lọ́mú, nìkan ni wọ́n wọ̀n. Bó ṣe yẹ kí ọmọ dàgbà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe bó ṣe ń dàgbà.

Fún ààlà haemoglobin, Àjọ náà ti pẹ́ tó ti ń lo gíráàmù 12 nínú désílítà kan fún obìnrin tí kò lóyún, 13 fún ọkùnrin. Ní 2024 wọ́n tún un yẹ̀ wò: ààlà fún ọmọ oṣù 6 sí 23, àti fún aboyún ní oṣù mẹ́ta àárín, wá sí 10.5. Wọ́n gbà kí a ṣe àtúnṣe fún gíga ilẹ̀ àti fún sìgá mímu. Wọn ò gbà kí a ṣe é fún ìran.

Kíkọ̀ yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti kù díẹ̀. Alpha thalassaemia, àjogúnbá kan tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa kéré díẹ̀, wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ tó ní irú rẹ̀ tó fúyẹ́ ò mọ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan ju pé haemoglobin wọn dín díẹ̀. Ara ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wa wálẹ̀ jẹ́ àrùn, ara rẹ̀ sì jẹ́ àjogúnbá tí kò léwu. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, a nílò àyẹ̀wò èròjà irin, ti kòkòrò ibà tó fara pamọ́ àti ti àjogúnbá. Ferritin tí wọ́n fi ń mọ iye irin nínú ara pàápàá máa ń ga tí àrùn bá wà lára, ó sì lè tan dókítà jẹ. Ní báyìí ná, ọ̀pọ̀ dókítà aboyún ní Nàìjíríà ń lo PCV 30 gẹ́gẹ́ bí ààlà, nígbà tí gíráàmù 11 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n lò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí oyún sún mọ́ PCV 33. Àwọn aboyún tó wà láàárín nọ́ńbà méjì yìí, aláìsàn ni wọ́n ní ìwé kan, ara wọn le nínú ìwé kejì.

Ìran, ibùgbé, àbí àjogúnbá?

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston, ìbéèrè náà gba ọ̀nà míì yọ. Ní 1999, wọ́n ṣe ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà láti fi creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní kí a sọ èsì aláwọ̀ dúdú di ìlọ́po 1.18. Àwọ̀ ara nìkan ni wọ́n ń wò láti mọ ẹni tí wọ́n máa ṣe é fún. Kíndìnrín tó ti ń bàjẹ́ á wá dà bí èyí tó ṣì dára, aláìsàn á sì pẹ́ kó tó wọ ìlà àwọn tó ń dúró de kíndìnrín tuntun. Nígbà tí wọ́n dán irú àtúnṣe yìí wò ní Kóńgò àti Côte d'Ivoire, kò bá àwọn ará ibẹ̀ mu. Ní 2021, Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò tuntun tí kò ní ìran nínú; ọdún yẹn kan náà ni NICE, àjọ ìlànà ìtọ́jú ní England, dáwọ́ lílo àtúnṣe ìran dúró.

Àwọn tó lòdì sí lílo ìran sọ pé àwọ̀ ara kì í ṣe òṣùwọ̀n. Òtítọ́ ni. Àmọ́ tí wọ́n bá yọ ìran kúrò láìfi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, nọ́ńbà tó kù sábà máa ń jẹ́ ti òyìnbó. Èrò tó ń dìde báyìí ni pé kí a wọn ohun tó ń fa ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀: ní Salvador ní Brazil tàbí ní London, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dàpọ̀, kí a yẹ Duffy wò dípò ká máa wo àwọ̀ ẹni. Ní Òṣogbo, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní àmì náà, gbèdéke ìbílẹ̀ á ṣe iṣẹ́ kan náà lówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn

Àwọn kan ní ká má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni kiri. Èsì ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn. Kí a fi ìṣirò ya ti àwọn tí ara wọn le sọ́tọ̀. Kò wọ́n, ó yá, ó sì lè ran àwọn ọmọ ọwọ́ tí a ò lè máa gún lábẹ́rẹ́ kiri lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà gbà pé àwọn tí kò ṣàìsàn ló pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ ọ̀hún. Níbi tó jẹ́ pé àfi tí ara bá ti wó tán lèèyàn tó ń lọ sílé ìwòsàn, mi ò rò pé a lè gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kí ewu jẹ́ òṣùwọ̀n, kó má jẹ́ iye àwọn tí a wọ̀n. Ṣúgà mílígíráàmù 126 nínú désílítà kan tí ènìyàn bá ní láìtíì jẹun láàárọ̀ jẹ́ àmì àtọ̀gbẹ níbi gbogbo, nítorí ohun tó ń ṣe ojú àti kíndìnrín la fi yàn án. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí èyí, àmọ́ òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ lè parọ́: HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, sábà máa ń wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lára ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a fi èèyàn wé ara rẹ̀. E. K. Harris fi hàn ní 1974 pé fún àyẹ̀wò bíi creatinine, iye ẹnì kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí láti oṣù dé oṣù, nígbà tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni kan àti ẹnì kejì pọ̀. Creatinine lè di ìlọ́po kan ààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kó sì ṣì wà nínú gbèdéke. Èrò yìí dára púpọ̀, ó kàn ń béèrè ìwé àyẹ̀wò tí kò sọnù ni.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

A ò tíì mọ̀ bóyá gbèdéke tuntun ń mú kí aláìsàn sàn, tàbí ó kàn ń dín lẹ́tà L kù lórí ìwé. A ò tíì fẹnu kò bóyá gbèdéke kan lè tó fún Nàìjíríà láti etíkun dé Jos. A ò tíì mọ bí a ṣe máa ṣe àtúnṣe sí àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí gbèdéke bá yí padà láàárín ìtọ́jú. Àgbàlagbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé 60 sì ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ń wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló ṣòro jù. Ní àwọn abúlé tí ibà ò dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ kiri láìgbóná, tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n ń lọ sílé ìwé. Tí a bá yọ gbogbo wọn kúrò, àwọn tó kù lè má pé 120, wọ́n sì lè má jọ àwọn tí dókítà ń rí lójoojúmọ́. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀, PCV wọn á fa ààlà ìsàlẹ̀ wálẹ̀ fún gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn olùwádìí kan ń yọ wọ́n, àwọn kan ò yọ wọ́n, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń pe nọ́ńbà tí wọ́n rí.